Epo inú àpáta Amẹ́ríkà: ta ló kà á, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Láti ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń gbé epo rọ̀bì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sí Lẹ́kí, ní ìpínlẹ̀ Èkó, kí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote lè rí ohun tí yóò máa fọ̀. Ẹni tí kò bá ro ó jinlẹ̀ yóò ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí ọjà ni ọjà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 2010, àwa ni à ń ta epo fún Amẹ́ríkà, èyí tí à ń tà fún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù kan àgbá lójoojúmọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje ọdún 2014, ẹyọ àgbá kan kò lọ láti ọ̀dọ̀ wa síbẹ̀. Oníbàárà wa àná ti wá di ẹni tí ń tajà fún wa, láàárín ọdún mẹ́rìnlá péré.

Ohun tó fà á kò fara sin. Ní Texas, ní North Dakota àti ní New Mexico, wọ́n rí ọ̀nà láti fa epo jáde nínú àpáta líle kan tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé epo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó rí i fà dáadáa. Epo rọ̀bì tí Amẹ́ríkà ń fà lójúmọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5 àgbá lọ ní ọdún 2010. Ní ọdún 2024, ó ti lé ní mílíọ̀nù 13. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tó fa tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí epo wọn kún ọjà, owó epo já wálẹ̀: àgbá tó ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 115 ní oṣù kẹfà ọdún 2014 di ohun tí wọ́n ń tà ní iye tí kò tó dọ́là 30 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016.

Ẹ kò ní í tíì gbàgbé ohun tó tẹ̀lé e nílé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò rí owó oṣù san. Ní Ọ̀ṣun, láti ọdún 2015, àbọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà. Ní ọdún 2016, gbogbo orílẹ̀-èdè wọ inú ọ̀dá ọrọ̀ ajé. A kò sọ pé epo Amẹ́ríkà nìkan ló fa gbogbo rẹ̀ o. Àwọn tó ná owó bí ẹlẹ́dà nígbà tí owó wà, tí wọn kò fi nǹkan kan sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú, ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí olùkọ́ kan ní Iléṣà yóò máa gbà lọ́dún márùn-ún sí ìsinsìnyí, ó yẹ kó béèrè pé: èló ni epo inú àpáta yẹn kù? Bí ó bá ṣì pọ̀ gidigidi, owó epo kò ní í lè lọ sókè púpọ̀, àpò ìjọba wa yóò sì máa jò. Bí ó bá ti fẹ́ gbẹ, owó epo yóò gbérí, ìjọba yóò rí owó, àwa tí à ń ra bẹntiróòlù yóò sì fojú winá rẹ̀. Ìdáhùn tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń fún wa kò dúró sójú kan. Nígbà mìíràn ó tóbi bí òkè, nígbà mìíràn ó kéré bí ẹ̀kúnwọ́. Kí ló dé tí wọn kò lè kà á kó pé?

Ẹ wo ọ̀nà méjì tí àwọn ìyá wa ń gbà rí epo lára igi ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá se ẹyìn tó jinná, tí wọ́n gún un, tí wọ́n bu omi sí i, epo pupa yóò léfòó wá sójú omi fúnra rẹ̀, wọn yóò sì máa bù ú. Ti àdín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àdín gbọ́dọ̀ fọ́ èkùrọ́, kó kó ọmọ inú rẹ̀ jọ, kó yan án, kó lọ̀ ọ́, kó tó rí díẹ̀ fún jáde. Epo inú iyanrìn abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń fà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Olóìbírí ní ọdún 1956, ló jọ epo pupa: ihò wà láàárín iyanrìn náà, epo ń rìn gba inú rẹ̀, agbára abẹ́ ilẹ̀ sì ń tì í wá sínú kànga. Epo inú àpáta líle ló jọ àdín. Ihò inú àpáta náà kéré débi pé epo kò lè rìn. Wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà méjì sí mẹ́ta, wọn yóò wá yí irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó gba inú àpáta lọ ní ìbú fún kìlómítà mélòó kan sí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi agbára ńlá rọ omi àti iyanrìn sínú rẹ̀ kí àpáta lè sán. Ibi tó sán nìkan ni epo yóò gbà jáde. Àwọn òyìnbó ń pe irú àpáta bẹ́ẹ̀ ní shale, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni shale gan-an.

Ibi tí ìṣòro kíkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí epo bá wà nínú iyanrìn, ó dà bí omi inú ìkòkò ńlá kan: onímọ̀ lè wọn bí ìkòkò ṣe fẹ̀ tó, kó wo bí agbára inú rẹ̀ ṣe ń rọ̀ bí wọ́n ti ń fà á, kó sì ṣírò ohun tó kù. Nínú àpáta líle, kò sí ìkòkò. Epo wà káàkiri ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, ṣùgbọ́n kànga kọ̀ọ̀kan kò lè mu ju èyí tó yí sísán tirẹ̀ ká lọ. Ohun tí kànga kan bá ṣe kò sọ ohun tí èyí tó wà ní ibùsọ̀ mẹ́wàá sí i yóò ṣe. Pé epo púpọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Èló ni yóò jáde ni ọ̀rọ̀. Nínú 100 àgbá tó wà nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 5 sí 10 ni wọ́n sábà máa ń retí, nígbà tí ti inú iyanrìn lè tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé bí 5 bá di 6 péré lórí tábìlì ẹni tó ń ṣírò, iye tí wọn yóò kọ sínú ìwé ti fi ìdá kan nínú márùn-ún lé, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ilẹ̀.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń kà á? Wọ́n ń wo bí kànga ṣe ń gbẹ. Kànga inú àpáta líle a máa tú epo jáde bí òjò àkọ́rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọdún kan tó pé, ó lè ti pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń dínkù yóò máa rọra. Ẹnì kan tó ń jẹ́ J. J. Arps ló kọ ọgbọ́n ìṣirò náà sílẹ̀ ní ọdún 1945: kí wọ́n ya ìlà bí kànga ti ń dínkù sórí ìwé, kí wọ́n sì fa ìlà náà lọ síwájú títí dé ọjọ́ tí kò ní í mówó wọlé mọ́. Kànga inú iyanrìn ni Arps ní lọ́kàn. Ó sì ní ohun kan nínú ìṣirò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní b, tó ń sọ bí ìdínkù náà ṣe ń rọra tó. Fún kànga àtijọ́, b máa ń wà láàárín òdo àti ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí kànga inú àpáta, wọ́n rí i pé ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, b a máa ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún ìṣirò kékeré yìí, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo kànga kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000 àgbá lójúmọ́, tó sì di 350 àgbá lójúmọ́ nígbà tó pé ọdún kan. Onímọ̀ ẹ̀rọ méjì jókòó tì í. Èkínní ní b jẹ́ 0.5, èkejì ní ó jẹ́ 1.3. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ìlà àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: àwọn méjèèjì ní epo tó jáde lé díẹ̀ ní 200,000 àgbá. Kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀kan nínú wọn ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fa ìlà náà dé ogún ọdún, tèkínní yóò jẹ́ nǹkan bíi 490,000 àgbá, tèkejì yóò jẹ́ nǹkan bíi 850,000. Bí àgbá kan bá jẹ́ dọ́là 60, ìyàtọ̀ àárín wọn lé ní mílíọ̀nù 21 dọ́là lórí kànga kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tó ní 1,000 irú kànga bẹ́ẹ̀ ń kọ́?

Ohun tó tún wá ṣe kàyéfì ni pé bí b bá tó ẹyọ kan tàbí tó jù ú lọ, tí wọn kò sì gé ìlà náà níbìkan, ìṣirò náà yóò sọ pé epo inú kànga kò ní í tán láéláé. Àwọn onímọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa gé e: tó bá dé ibì kan, wọn yóò sọ pé láti ibí lọ, kó máa fi ìdá báyìí báyìí dínkù lọ́dọọdún. Ibo ni wọn yóò ti gé e? Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n orí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Kànga tí wọ́n fi ọ̀nà ìgbàlódé yìí gbẹ́, tó sì ti pé ọgbọ̀n ọdún, kò tíì sí láyé. Síbẹ̀, ìwé tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbé síwájú báńkì ń sọ ohun tí kànga yóò ṣe títí di ọgbọ̀n ọdún. Ó dà bí ẹni tó wo ọmọ ọdún méjì tó wá ń sọ ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní California. Àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Monterey. Ní oṣù keje ọdún 2011, àjọ tó ń kó ìṣirò nípa agbára iná àti epo jọ fún ìjọba Amẹ́ríkà, EIA, gbé ìwé kan jáde tí ilé-iṣẹ́ INTEK ṣe fún wọn. Ìwé náà ní àgbá bílíọ̀nù 15.4 ló ṣeé fà jáde nínú Monterey. Iye yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo epo irú èyí tí wọ́n ṣírò fún Amẹ́ríkà nígbà náà. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Wọ́n mú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 1,752 máìlì níbùú lóròó, wọ́n ní kànga 16 ni yóò wà lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, kànga kọ̀ọ̀kan yóò sì mú 550,000 àgbá wá. Ẹ mú bírò, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó pé géérégé. Ìṣirò náà kò ní àléébù kankan. Kànga náà ni kò sí.

Àpáta ilẹ̀ North Dakota tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ti California kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì, ó ti ká àpáta yẹn kò bí aṣọ tí wọ́n fún, ó ti ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, púpọ̀ nínú epo tó wà nínú rẹ̀ sì ti ṣàn jáde lọ sínú iyanrìn òkè rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fà á láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n iye ti jáde, iye sì ní ẹsẹ̀. Ní ọdún 2013, ìwádìí kan láti University of Southern California, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn elépo ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lọ́wọ́ sí, sọ pé epo náà lè mú iṣẹ́ tó tó mílíọ̀nù 2.8 wá fún California títí di ọdún 2020. Àwọn òṣèlú gbé e rù. Ìlú ń jó sí orin tí kò tíì sí onílù rẹ̀.

Ẹni tó dá ijó náà dúró kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe elépo. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan ni, David Hughes, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún fún ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó lọ kó àkọsílẹ̀ àwọn kànga tí wọ́n ti gbẹ́ sínú Monterey gan-an, ó wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú jáde, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní oṣù kejìlá ọdún 2013 pé kò sí ohun tó jọ 550,000 àgbá níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2014, EIA fúnra rẹ̀ gé iye náà sí 600 mílíọ̀nù àgbá. Nínú 100, 96 ti lọ. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, USGS, tún wo apá tó jinlẹ̀ nínú rẹ̀ ní àfonífojì San Joaquin, wọ́n ní 21 mílíọ̀nù àgbá péré ni àwọn rò pé ó kù tí wọn kò tíì rí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ka èyí tán lè sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ epo inú àpáta, pé òyìnbó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa náà, ó sì nà wá ní owó. Nítorí ìṣirò kan náà lè ṣì sí òdì kejì. Ní ọdún 1995, USGS sọ pé epo tó ṣeé fà nínú àpáta Bakken, ní North Dakota àti Montana, kò ju 151 mílíọ̀nù àgbá lọ. Ní ọdún 2008, wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù 3.65. Ní ọdún 2013, wọ́n fi àpáta Three Forks tó wà lábẹ́ rẹ̀ kún un, wọ́n ní àwọn méjèèjì tó bílíọ̀nù 7.4. Nígbà tó di ọdún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ti fa púpọ̀ jáde, wọ́n ní èyí tó kù láti wá rí kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ. Ilẹ̀ kan náà ni, àjọ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ṣírò ti 1995, irin tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àpáta kò tíì gbajúmọ̀, owó epo sì kéré gan-an.

Àwọn aṣáájú wa kò lè sọ pé àwọn kò gbọ́. Diezani Alison-Madueke, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ epo nígbà náà, ti sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2013 pé epo yìí jẹ́ ewu ńlá fún àwọn orílẹ̀-èdè elépo nílẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún 2014 dúró lórí dọ́là 77.5 fún àgbá kan. Nígbà tí wọn yóò fi gé ti ọdún 2015 wá sí dọ́là 53, ọjà tún já kọjá ibẹ̀ kí ọdún tó parí.

Ohun kan tún wà tí àwọn elépo Amẹ́ríkà fi ojú ara wọn rí. Bí kànga bá mú owó wá, ẹni tó ni ín yóò fẹ́ gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn. Nínú ìwé, kànga mẹ́wàá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá kànga kan. Nínú ilẹ̀, wọ́n ń mu nínú ife kan náà. Ilé-iṣẹ́ Concho Resources gbẹ́ kànga 23 pọ̀ mọ́ra ní ibì kan ní New Mexico, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Dominator. Nígbà tí wọ́n jẹ́wọ́ ní ìparí oṣù keje ọdún 2019 pé àwọn kànga náà sún mọ́ra jù, pé wọn kò mú ohun tí àwọn retí wá, ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà pàdánù ju ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kó tó di ìgbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ti gbé ìwádìí jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kànga, wọ́n ní epo àti gáàsì tí wọn yóò mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ohun tí àwọn tó ni wọ́n ti sọ fún àwọn olùdókòwò. Ìdá mẹ́wàá lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé owó yíyá ni wọ́n fi ń gbẹ́ púpọ̀ nínú kànga yìí, epo tí wọ́n sọ pé ó wà nílẹ̀ ni wọ́n sì fi dúró lọ́dọ̀ báńkì. Ẹni tó fẹ́ yáwó ló kọ́kọ́ ń sọ iye ohun ìdúró tirẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ háyà olùyẹ̀wò láti ìta, owó ẹni tó háyà rẹ̀ náà ni yóò gbà.

Owó ọjà pàápàá wà nínú ìṣirò náà, èyí sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà ní ìlànà pé kìkì epo tó dájú pé yóò mówó wọlé ni ilé-iṣẹ́ lè pè ní epo tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, iye owó tí wọn yóò sì lò ni àròpín iye owó epo ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù méjìlá tó kọjá. Kànga tí wọn kò tíì gbẹ́ lè wọ inú ìwé bí wọ́n bá ní àwọn yóò gbẹ́ ẹ láàárín ọdún márùn-ún. Nítorí náà, bí owó epo bá já, epo yóò pòórá nínú ìwé láìjẹ́ pé ó kúrò nínú ilẹ̀. Ní ìparí ọdún 2014, epo tí Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 39.9 àgbá. Nígbà tí ọdún 2015 yóò fi parí, ó ti di bílíọ̀nù 35.2. Kì í ṣe pé olè wọ ilé. Owó já, ilẹ̀ tó ń mú èrè wá ní dọ́là 90 kò mú èrè wá ní dọ́là 50 mọ́.

A kò sọ gbogbo èyí kí á lè máa fi Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé wa kò mọ́ ju tiwọn lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Shell jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé pé epo àti gáàsì tó tó bílíọ̀nù 3.9 àgbá tí àwọn ti kọ sínú ìwé pé ó dájú, kò dájú. Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n ní ni. Apá kan tó tóbi nínú rẹ̀ sì jẹ́ epo Nàìjíríà. Ọ̀gá àgbà wọn, Philip Watts, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Ìjọba Amẹ́ríkà gba owó ìtanràn mílíọ̀nù 120 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ti Gẹ̀ẹ́sì gba mílíọ̀nù 17 pọ́n-ùn. Epo inú iyanrìn tó rọrùn láti kà ni wọ́n mà kà tó di bẹ́ẹ̀! Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí epo tó wà nípamọ́ lábẹ́ ilẹ̀ wa di bílíọ̀nù 40 àgbá kí ọdún 2010 tó dé. Ọdún náà dé, ó kọjá; iye tí àjọ NUPRC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo kéde ní ọdún 2024 kò ju bíi bílíọ̀nù 37.5 lọ.

Ṣé òótọ́ ni bílíọ̀nù 37 náà? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa àti wọn wà níbi ìbéèrè yìí, èrò tèmi sì ni pé ó ju ọ̀rọ̀ àpáta àti iyanrìn lọ. Hughes kò ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó rí iye bílíọ̀nù 15.4 wó lulẹ̀ nítorí pé òfin ilẹ̀ wọn mú kí ohun tí kànga kọ̀ọ̀kan ń mú jáde wà ní gbangba. Ní North Dakota, ìjọba ìpínlẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù, kànga sí kànga, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Ní Texas náà, ẹni tó bá fẹ́ yóò rí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ epo kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí Ìbàdàn lónìí lè mú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó ka kànga North Dakota, kó ya ìlà tirẹ̀, kó sì bá ilé-iṣẹ́ tó ni ín jiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kan náà kò lè ka kànga kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Òndó tàbí ní Bayelsa. Àròpọ̀ ni wọ́n ń fún wa: epo báyìí jáde ní èbúté báyìí lóṣù yìí, epo báyìí ló kù fún gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún yìí. Ẹni tó kà á ló yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló kéde rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó bá ní epo púpọ̀ nínú ìwé a máa rí ẹnu sọ̀rọ̀ nígbà tí àjọ OPEC bá ń pín iye epo tí kálukú yóò fà, nítorí náà, ìdí wà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í fẹ́ kí iye náà kéré.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Travis Stice, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Diamondback Energy, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nínú epo inú àpáta ní Texas, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí epo orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gun òkè dé ibi tí yóò gùn dé, pé ní iye tí wọ́n ń ta epo nígbà náà, ìsọ̀kalẹ̀ ló kàn. Gbólóhùn yìí dé Àbújá, inú àwọn kan sì dùn. Ṣùgbọ́n epo tí Amẹ́ríkà fà ní ọdún 2025 yẹn tún ju ti ọdún 2024 lọ. Àwọn kànga náà kò tíì gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. Stice lè wá jàre lọ́la o, nítorí ilẹ̀ tó dára jù ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, èyí tó kù kò sì lè dà bíi tàkọ́kọ́. Ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀ ni kò sí nínú ìlà ẹnikẹ́ni. Bí owó epo bá sì gbérí díẹ̀, ilẹ̀ tí kò mú èrè wá lónìí yóò tún mú èrè wá, wọn yóò tún kó ẹ̀rọ padà síbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Kò rí bíi kànga inú òkun tiwa tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tu epo jáde.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2025 dúró lórí dọ́là 75 fún àgbá kan àti 2.06 mílíọ̀nù àgbá lójúmọ́. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ nínú oṣù ọdún náà, ọjà kò san dọ́là 75, epo wa kò sì tó iye àgbá yẹn. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìwé tuntun lọ síwájú àwọn aṣòfin, mínísítà yóò ka iye méjì yìí jáde bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ tuntun, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìṣúná dìde, kó béèrè ohun mẹ́ta péré: iye owó wo lẹ rò pé yóò mú kí àwọn ará Texas tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga, kànga wo, lójú ilẹ̀ wa, ló máa mú iye àgbá tí ẹ kọ yìí wá, ta ni, yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín, ló ti rí àkọsílẹ̀ wọn?